Òkúta Ìpìlẹ̀ Kan, Ìlú Méjì

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún yín lónìí kò fara pamọ́. Orúkọ rẹ̀ gan-an ni ó ní kí n kọ, torí ó ní bí òun bá pa orúkọ dà, gbogbo ìlú Ùsì yóò kàn fi òun rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kejì ni. Dàda Oyèbánjí ni. Ó wá bá mi ní ọ́fíìsì, ó ṣí fìlà, ó jókòó, ó ní, "Kọ ọ́ bó ṣe rí. Má fi àtíkè kùn ún fún mi." Mo ṣèlérí fún un pé n kò ní fi kùn ún.

Ọdún 1957 ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Báǹkì Àjọṣe Àríwá Èkìtì ni wọ́n kọ sára pátákó ilé iṣẹ́ wọn, ṣùgbọ́n láti Ìkọ̀lé dé Ọ̀yẹ́ dé Ìdó, Báǹkì Oyèbánjí ni gbogbo èèyàn ń pè é. Bàbá Dàda ni alága. Felicia, ẹ̀gbọ́n Dàda, ni akọ̀wé, òun ló sì máa ń fi kọ́kọ́rọ́ ilé irin tí wọ́n ń kó owó sí kọ́ ọrùn, àfi bí ẹni tó fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣọ̀ṣọ́. Dàda ni mánẹ́jà ẹ̀ka ti Ìdó.

Ní ọdún mélòó kan ṣáájú, àwọn báǹkì kéékèèké kan ti wó l'Ékòó, owó àwọn èèyàn sì bá wọn lọ. Síbẹ̀ àwọn àgbẹ̀ kòkó wa kò kó owó wọn kúrò lọ́dọ̀ Oyèbánjí. Bí o bá bi wọ́n léèrè ìdí, wọ́n á ní bàbá yẹn kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bí ó bá ní ọ̀la, ọ̀la náà ni. Ẹni tí kò mọ̀wé á fi àtàǹpàkò tẹ yíǹkì, á tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, ó parí. Ohunkóhun tí èèyàn bá ti tẹ̀ka sí lọ́dọ̀ wọn, bàbá kì í jiyàn lé e lórí.

Ọdọọdún ni báǹkì náà máa ń yọ nínú èrè rẹ̀ láti ṣe ohun kan fún ìlú kan. Lọ́dún kan wọ́n ṣe afárá, lọ́dún kan wọ́n gbẹ́ kànga oníkọnkéré, lọ́dún mìíràn wọ́n fi páànù bo ilé ìwé. Ohun kan, ìlú kan, ọdún kan. Bàbá nìkan ló ń mú ìlú, kò sì sẹ́ni tó mọ bó ṣe ń mú un.

Ní ọdún 1957 yìí, ilé ìgbẹ̀bí ni wọ́n fẹ́ kọ́. Orúnkún bàbá ti ń dùn ún, ojú rẹ̀ kò sì ríran dáadáa mọ́. Ó pe Dàda àti Felicia sí yàrá rẹ̀ ní Ìkọ̀lé, ó sọ fún wọn pé ní oṣù kìn-ín-ní ọdún tó ń bọ̀ òun yóò fi àga alága sílẹ̀, Dàda ni òun sì ń wò pé kó jókòó síbẹ̀. Ṣùgbọ́n òun fẹ́ dán an wò ná.

"Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ ni wọn yóò máa gbé owó wọn lé," ni bàbá wí. "Ìwọ ni kí o mú ùlú lọ́dún yìí. Ùlú kan. Kan ṣoṣo ni mo wí o."

Dàda ní òun gbọ́. Felicia bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ìgbìmọ̀ ìlú Ùsì ti kún ọ́fíìsì Dàda ní Ìdó. Wọ́n kó iṣu wá, wọ́n kó ọ̀rọ̀ dídùn wá. Wọ́n ní tí ilé ìgbẹ̀bí náà bá lè jẹ́ tiwọn, àwọn yóò fi Dàda jẹ Bàbá Ìlọsíwájú ìlú, àwọn yóò sì kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sára òkúta ìpìlẹ̀ tí ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá yóò máa kà.

Níbi ọ̀rọ̀ orúkọ yìí ni wọ́n ti mú un. Òun fúnra rẹ̀ ló jẹ́wọ́ fún mi pé òun fẹ́ràn orúkọ òun ju bó ṣe yẹ lọ. Nínú gbogbo ayé rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n tíì gbẹ́ orúkọ náà sára nǹkan tó le. Òun ló fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ sára tábìlì ní ilé ìwé, wọ́n sì nà án fún un.

Ó gbà fún Ùsì lọ́jọ́ náà gan-an. Nígbà tó sọ fún bàbá rẹ̀, bàbá ní ó dáa. Felicia ló béèrè ìdí tó fi jẹ́ Ùsì, nígbà tí Ùsì kò jìnnà sí nọ́ọ̀sì tó wà ní Ìdó, tí àwọn ìlú mìíràn sì wà tí kò ní nǹkan kan. Dàda fi gírámà dá a lóhùn, ó sọ̀rọ̀ ìdàgbàsókè títí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi dìde lọ sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Bó bá mọ síbẹ̀, n kì bá tí rí ìtàn kọ.

Dàda ní àfẹ́sọ́nà kan ní Ayégbajú, tíṣà ni, Monísọ́lá ni orúkọ rẹ̀. Ó ti ń kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan lọ́wọ́ ní Ìdó tí òun àti ìyàwó yóò máa gbé. Bàbá Monísọ́lá, tí gbogbo ìlú ń pè ní Bàbá Ọlátúbọ̀sún, jẹ́ àgbàlagbà jẹ́jẹ́ tó ti fi ogún ọdún ṣe olùkọ́ni nínú ìjọ. Ní ọjọ́ Ẹtì kan, Dàda lọ kí wọn. Wọ́n gún iyán fún un, wọ́n fi ẹran ìgbẹ́ sí ọbẹ̀. Bàbá Ọlátúbọ̀sún jẹ́ kó jẹun dé ìdajì kó tó la ẹnu.

Ó ní kì í ṣe pé òun fẹ́ fi ọ̀rọ̀ dí àna òun lọ́nà ọ̀fun. Ó ní lọ́dún náà nìkan, obìnrin mẹ́ta ni wọ́n ń gbé lọ sí Ìdó tó bímọ sínú lọ́rì Àlàbá lójú ọ̀nà, débi tí Àlàbá awakọ̀ fi ń béèrè bóyá kí òun kúkú lọ kọ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí. Ó ní àwọn gbọ́ pé Báǹkì Oyèbánjí fẹ́ kọ́ ilé ìgbẹ̀bí kan. Ó wá ń wo iyán.

Dàda gbójú sókè. Monísọ́lá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé àwo omi dání, ó ń retí ohun tí ó máa sọ. Ẹ̀yin ọkùnrin tó ń kà á, ẹ má dá a lẹ́bi jù. Ẹ ti wà níwájú àna yín rí.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá," ni Dàda wí. "Ọ̀rọ̀ yẹn ti wà lọ́wọ́ mi."

Monísọ́lá rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n tún bu ẹran sí ọbẹ̀ rẹ̀. Ó ní nígbà tí òun ń jẹ ẹran náà, òun ń sọ lọ́kàn ara òun pé òun kò kúkú ṣèlérí, òun kàn ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀ ni. Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n ti kéde rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Dàda gbọ́. Ó gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Ayégbajú lọ́jọ́ Ajé láti lọ ṣàlàyé. Ó ti to ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu láti Ìdó. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ibẹ̀, gbogbo ìlú ti jáde. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ti ṣán igbó ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ kọ́ ọ sí, àwọn àgbààgbà ń wọn ilẹ̀, àwọn obìnrin ń ru iyanrìn láti odò. Bí wọ́n ṣe rí i, wọ́n ju àdá sílẹ̀, wọ́n yí i ká, wọ́n ń kí i ní Dàda wa, Dàda àtàtà. Ẹnì kan fún un ní àdá, ó bọ́ bàtà, ó ṣán koríko mẹ́ta. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún koríko mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ó padà sílé láìsọ ọ̀rọ̀ kankan nínú ohun tó bá wá. Wọ́n ti bá a mú ọjọ́ pàápàá: Sátidé kejì nínú oṣù kejìlá. Sátidé àkọ́kọ́ ni ti Ùsì.

Àlàyé tó ń ṣe fún ara rẹ̀ nìyí, ó sì dá a lójú nígbà náà pé ọgbọ́n ni. Òun yóò fi òkúta lélẹ̀ ní Ùsì, òun yóò fi lélẹ̀ ní Ayégbajú. Bí ọdún bá ti yí, tí òun ti jókòó sórí àga alága, òun yóò kọ́ ti Ùsì. Ní ọdún tó bá tẹ̀ lé e, òun yóò fi ẹ̀bùn báǹkì ti ọdún náà kọ́ ti Ayégbajú. Kò sí ẹni tó máa pàdánù. Bàbá kò ní lọ, torí orúnkún rẹ̀. Ìlú méjèèjì kò sì ní ohun tó pa wọ́n pọ̀.

Òkúta ni ìṣòro. Ẹyọ kan ni báǹkì yóò sanwó fún, ẹni tó bá sì béèrè èkejì yóò fojú rinjú pẹ̀lú Felicia. Dàda wá lọ bá Àjàní, bíríkìlà kan ní Ìkọ̀lé tó máa ń fi sìmẹ́ńtì ṣe òkúta tí wọ́n ń kọ orúkọ òkú sí. Ó ní kí ó ṣe ọ̀kan tí kò tóbi jù, tí èèyàn kan lè rù, kí ó kọ ọ́ sí i pé Dàda Oyèbánjí ló fi òkúta ìpìlẹ̀ ilé ìgbẹ̀bí yìí lélẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 1957. Ó ní kí ó má kọ orúkọ ìlú.

Àjàní wò ó títí. "Mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí látìgbà tí mo ti gbọ́n," ni ó wí. "Òkú pàápàá ń sọ ùlú rẹ̀."

Dàda ní báyìí ni àwọn òyìnbó ń ṣe é. Àjàní kò jiyàn mọ́.

Ní Sátidé àkọ́kọ́, Ùsì kún. Dàda wọ agbádá funfun, ó mú Délé onífọ́tò dání. Kí wọ́n tó gbé òkúta sílẹ̀, obìnrin àgbàlagbà kan dìde láàárín àwọn ìyá ìlú, Ìyá Ọmọ́táyọ̀ ni wọ́n ń pè é. Ó ní òun kò mọ ti ìwé, ṣùgbọ́n ibi tí wọn yóò ti máa gbẹ̀bí kò yẹ kó dúró lórí òkúta tútù tí ọwọ́ ìyá kankan kò kàn. Ó po osùn mọ́ epo, bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún ọmọ tuntun, ó tẹ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bọ̀ ọ́, ó sì tẹ̀ ẹ́ gbàmù mọ́ ẹ̀yìn òkúta náà. Àwọn ìyá yòókù rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́.

Dàda kò rí i. Délé ń ya fọ́tò rẹ̀ lọ́wọ́ lábẹ́ igi, ó sì ti ní kí ó tún òmíràn yà torí pé fìlà wọ́. Ó gbọ́ ẹ̀rín àwọn obìnrin lẹ́yìn, ó rò pé agbádá òun ló wù wọ́n. Ó wá gba òkúta lọ́wọ́ Àjàní, ó gbé e lé orí ìpìlẹ̀ tí wọ́n fi amọ̀ lẹ̀, kì í ṣe sìmẹ́ńtì. Òun ló ti ní kí Àjàní lo amọ̀.

Ní ọjọ́rú, ó gbé lọ́rì Àlàbá lọ sí Ùsì. Bàbá kan ni wọ́n fi ṣọ́ ilẹ̀ náà. Dàda sọ fún un pé ọyẹ́ ń ba lẹ́tà ara òkúta jẹ́, wọ́n gbọ́dọ̀ gbé e padà fún bíríkìlà kó kùn ún lọ́dà kí ó má baà sán. Bàbá náà ní òun ti ń rí i pé ọyẹ́ ọdún yìí le. Òun fúnra rẹ̀ ló bá wọn ṣí i, ó bá wọn gbé e sínú lọ́rì, ó fi àpò bò ó kí òtútù má mú un, ó sì ṣàdúrà fún wọn. Amọ̀ ti bo gbogbo ẹ̀yìn òkúta náà. Dàda jókòó níwájú lọ́rì, ojú ń tì í díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó ohun tó máa dá a padà.

Lọ́dọ̀ Àlàbá ni òkúta náà sùn. Ọkùnrin tó fẹ́ràn ìmọ́tótó ni Àlàbá. Ní àárọ̀ Sátidé kejì, ó fi ọṣẹ àti kànìnkànìn fọ òkúta náà mọ́ tónítóní, amọ̀ lọ, osùn kò lọ. Ó rí ọwọ́ pupa náà. Ó ti rí bí àwọn èèyàn ṣe ń tẹ̀ka ní Báǹkì Oyèbánjí, ó wá rò pé òǹtẹ̀ tí báǹkì ń lù sí ẹ̀yìn ẹrù wọn nìyẹn. Ó fi aṣọ funfun bò ó, ó gbé e lọ sí Ayégbajú.

Dàda ti wà níbẹ̀, ó ń kí ọ̀tún, ó ń kí òsì, nígbà tí ọkọ̀ Ọ́sítìn dúdú kan yọ. Ó mọ ọkọ̀ náà. Ti bàbá rẹ̀ ni.

Ohun tí kò rò ló ṣẹlẹ̀. Bàbá Ọlátúbọ̀sún ti ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀, bí àna ṣe ń ránṣẹ́ sí àna, pé ayẹyẹ ọmọ wọn kò ní dùn láìsí wọn níbẹ̀. Bàbá fi ọ̀pá sọ̀kalẹ̀, Felicia tẹ̀ lé e. Wọ́n fi í jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àna rẹ̀. Ó ka ìwé ètò ayẹyẹ náà, ó tún sún un mọ́ ojú, ó kà á. Ó wá ní kí Dàda súnmọ́ òun.

"Ṣé Ùsì ló ti ṣí wá síbí ni?" ni ó béèrè wẹ́rẹ́.

"Màá ṣàlàyé, Bàbá."

"N ó gbọ́," ni bàbá wí, ó sì kọjú síwájú.

Ìgbà náà ni àwọn ọmọ ilé wọlé. Àwọn obìnrin tí wọ́n bí ní Ayégbajú, tí wọ́n ti lọ sílé ọkọ ní ìlú káàkiri, ni mò ń wí. Bí nǹkan ńlá bá ṣẹlẹ̀ nílé bàbá wọn, dandan ni kí wọ́n wá. Wọ́n ń jó bọ̀, wọ́n ń kọrin, wọ́n jókòó sẹ́yìn àga àwọn àgbà. Bí èèyàn kan bá rántí sọ fún Dàda ni, ìbá ti mọ̀ pé ìlú méjì kankan kò sí ní apá ọ̀dọ̀ wa tí kò ní ohun tó pa wọ́n pọ̀. Àwọn ìyá ni. Obìnrin tó jókòó sí ìkángun nínú wọn ni Ìyá Ọmọ́táyọ̀ ti Ùsì, àbúrò Bàbá Ọlátúbọ̀sún, ọmọ bíbí Ayégbajú.

Àjàní ṣí aṣọ funfun kúrò. Ó gbé òkúta náà sókè kí gbogbo èèyàn lè rí i. Àwọn tó wà níwájú ka orúkọ Dàda, wọ́n pàtẹ́wọ́. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń wo ọwọ́ pupa.

Àtẹ́wọ́ iwájú bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, torí àwọn tó ń pa á ti ń wẹ̀yìn wo ohun tó pa àwọn ìyókù lẹ́nu mọ́. Ìyá Ọmọ́táyọ̀ dìde. Ó gba àárín àwọn èèyàn kọjá, kò yára. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lé ẹ̀yìn òkúta náà. Ó bá a mu rẹ́gí.

"Ọwọ́ mi rèé," ni ó wí. "Sátidé tó kọjá ni mo tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ ní ulé ọkọ mi. Kí ló wá ṣe ní ulé bàbá mi?"

Ohun tí Dàda sọ tẹ̀ lé e ni ó ní ó ń dun òun jù títí dòní. Ó ní ọwọ́ èèyàn máa ń jọra.

Ìyá Ọmọ́táyọ̀ kò bínú. Ó kàn na ọwọ́ náà sókè, ó ya àwọn ìka rẹ̀ síra. Ìka mẹ́fà ni. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè, gbogbo ayé sì gbà á, ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrùn-ún, ẹ̀fà. Àjàní yí òkúta náà sí iwájú, wọ́n tún ka tibẹ̀. Ẹ̀fà náà ni.

Dàda wo bàbá rẹ̀. Ó ní àwọn èèyàn tó tó ẹgbẹ̀rún ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ojú bàbá yẹn nìkan ni òun rí. Ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú agbádá rẹ̀ nínú iyanrìn, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, láti orí oyè dé orí ẹran ìgbẹ́. Kò fi ọ̀kan pamọ́. Nígbà tó dé ibi tí bàbá ọlọ́dẹ Ùsì ti fi àpò bo òkúta nítorí òtútù, ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní òkúta tó bá ti wọ Ayégbajú kò jáde mọ́. Wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ Àjàní. Ìyá Ọmọ́táyọ̀ gbà á ṣáájú wọn, ó gbé e sílẹ̀, ó jókòó lé e.

Bàbá fi ọ̀pá dìde. Wọ́n dákẹ́ fún un.

"Felicia," ni ó wí, "kí ni a máa ń ṣe bí èèyàn bá tẹ̀ka lọ́dọ̀ wa?"

"A máa ń dá a lóhùn, Bàbá."

"Ìka mélòó?"

"Ẹyọ kan."

"Obìnrin yìí tẹ mẹ́fà," ni bàbá wí. "Báǹkì yóò kọ́ ti Ùsì."

Ariwo fẹ́ sọ, ó gbọ́wọ́ sókè. Ó ní òun kò tíì parí. Ó ní ọmọ òun ti ní kí Ayégbajú fọkàn balẹ̀, ẹni tó bá sì gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu Oyèbánjí gbọ́dọ̀ rí ìdí tó fi máa fọkàn balẹ̀. Ṣùgbọ́n owó inú báǹkì kì í ṣe ti ẹbí òun, ti àwọn tó kó o síbẹ̀ ni, wọn kò sì ní fi kọ́ ohun tí ẹnu Dàda dá sílẹ̀.

"Ó ń kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Ìdó," ni bàbá wí. "Búlọ́ọ̀kù wà níbẹ̀, páànù wà níbẹ̀, ulẹ̀kùn mẹ́jọ wà níbẹ̀. Ẹ lọ kó o. Tiyín ni."

"Mẹ́wàá ni ilẹ̀kùn náà, Bàbá," ni Felicia wí.

"Mẹ́wàá," ni bàbá wí. "Felicia ni yóò jókòó lórí àga alága ní oṣù kìn-ín-ní."

Gbogbo ohun tí Dàda fi irọ́ ṣọ́ ló lọ ní gbólóhùn kan. Ó ní omi bọ́ lójú òun nínú iyanrìn yẹn, òun kò sì mọ̀ bóyá nítorí àga ni tàbí nítorí pé bàbá òun kò wo òun nígbà tó ń sọ ọ́. Nígbà tí bàbá wá wò ó níkẹyìn, ó ní kí ó dìde, kí ó ru òkúta Ùsì lé orí, kí ó fẹsẹ̀ rìn dá a padà.

Ìyá Ọmọ́táyọ̀ dìde kúrò lórí òkúta. Ó ní òun ní ọ̀rọ̀ kan péré láti fi kún un. Ó ní nígbà tí wọ́n bá fẹ́ mọ ọ́n mọ́ ògiri lọ́tẹ̀ yìí, kí wọ́n fi sìmẹ́ńtì ṣe é, kí wọ́n kọjú ọwọ́ sí òde, kí wọ́n kọjú orúkọ sínú.

Báyìí ni mánẹ́jà báǹkì ṣe ru òkúta gba iwájú báǹkì tirẹ̀ kọjá ní Ìdó lọ́sàn-án gangan. Àwọn oníbàárà tó ń tò jáde wá kí i. Wọ́n béèrè bóyá ilé ló ń kọ́.

Kó tó kúrò ní Ayégbajú, Monísọ́lá ti tẹ̀ lé e rìn dé ibi tí ìlú wọn parí sí. Ọrùn Dàda ti ń dùn ún.

"Bùrọ̀dá Dàda," ni ó wí níkẹyìn, "ṣé kò sí ọmọbìnrin mìíràn ní Ìdó tí ẹ ti sọ fún pé kó fọkàn balẹ̀?"

Dàda búra pé kò sí. Monísọ́lá ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n òun fẹ́ rí i lórí ìwé. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó gbé yíǹkì ilé ìwé wá sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó kọ gbólóhùn kan sórí ìwé pé òun nìkan ni Dàda ń fẹ́, ó sì ní kó tẹ̀ka sí i. Dàda ní òun mọ̀wé kọ, òun lè buwọ́ lù ú. Monísọ́lá ní rárá, kó tẹ̀ka. Dàda tẹ ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá.

Wọ́n kọ́ ilé ìgbẹ̀bí méjèèjì parí kí ọdún kejì tó parí. Àwọn ará Ayégbajú kó páànù, wọ́n kó búlọ́ọ̀kù, wọ́n ka ilẹ̀kùn, mẹ́wàá ni lóòótọ́. Dàda àti ìyàwó rẹ̀ gbé yàrá méjì lẹ́yìn báǹkì. Ó ní bí òun bá kọjá ní Ùsì, òun á rí i tí àwọn èèyàn ń wo ọwọ́ pupa lára ògiri yẹn, wọ́n á ka ìka rẹ̀, wọ́n á máa lọ. Orúkọ òun wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an nínú sìmẹ́ńtì, wọ́n gbẹ́ ẹ dáadáa, kò sì sí ẹni tó tún máa kà á láyé.

Mo bi í pé kí ni kí n sọ fún yín. Ó ní kí n sọ fún yín pé nínú gbogbo ọ̀nà tí èèyàn lè gbà sọ pé rárá, kò sí èyí tó nira tó ríru òkúta láti Ayégbajú dé Ùsì. Mo rò pé ó ti parí. Ó ti gbé fìlà, ó tún jókòó padà.

Ó ní ní ọdún 1959, Ùsì ni Monísọ́lá bí àkọ́bí wọn sí. Òun dúró níta láti àárọ̀ pẹ̀lú agbádá funfun yẹn lọ́rùn. Ìyá Ọmọ́táyọ̀ ló jáde wá, osùn tó fi pa ọmọ náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní obìnrin ni, àtìyá àtọmọ ń ṣe dáadáa. Ó wá gbé ọwọ́ olósùn náà lé Dàda láyà, ó tẹ̀ ẹ́ gbàmù, ó padà wọlé.

Ní ọjọ́ Ajé, ó wọ agbádá náà lọ sí ìpàdé ní Ìkọ̀lé bẹ́ẹ̀, kò fọ̀ ọ́. Bàbá wò ó láti orí àga tí wọ́n fi í jókòó sí lẹ́bàá fèrèsé. Felicia bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́, ó fi ìka tirẹ̀ ka ti àyà àbúrò rẹ̀ dé ẹ̀fà. Lẹ́yìn náà ó bọ́ kọ́kọ́rọ́ ilé irin kúrò lọ́rùn, ó nà án sí i, ó ní kó lọ bá òun ṣí i.